Àlejò Kẹfà ní Òkè-Ìlapa

Ìkòkò márùn-ún ti gbẹ kí Morádéùn tó dé ilé Àwẹ̀ró amọ̀kòkò. Wọ́n wà lórí pákó lábẹ́ ìbòòji, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọmọrí tirẹ̀. Àwẹ̀ró mú ọ̀kan nínú wọn, ó ju ẹ̀rọ ògbufọ̀ àlòkù kan, irú èyí tí wọ́n ń fi sétí, sínú rẹ̀, ó dé e, ó sì gbé e sún mọ́ dígí kékeré tí ó fi ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Dígí náà dúdú, kò ṣe nǹkan kan. Bí ó ṣe ṣí ọmọrí náà díẹ̀ báyìí, iná pupa tàn lójú dígí.

"Lẹ́búlẹ́bú irin tí mo pò mọ́ amọ̀ lọ́dún yìí pọ̀ ju ti èṣí lọ," ni Àwẹ̀ró wí. "Ohun tó bá wọ inú rẹ̀ kò ní gbọ́ nǹkan kan, kò sì ní rántí nǹkan kan. Ẹ dán an wò fúnra yín, Màmá."

Morádéùn dán an wò, iná kò tàn. Ó ka àwọn orúkọ tí Àwẹ̀ró ti fi igi fín sára àwọn ọmọrí náà: Kenji, Haruka, Mateus, Ingrid, Pilar.

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kì í yẹ̀," ni ó wí. "Ó wá ku ẹyọ kan."

"Márùn-ún lẹ fún mi lórúkọ. Ẹ ní ìwé ẹni kẹfà ò tíì dé."

"Ó dé láàárọ̀ yìí."

Àwẹ̀ró ń wò ó, ó ń retí orúkọ. Morádéùn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìkòkò náà sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń fi koríko gbígbẹ há àárín wọn kí wọ́n má baà kọlu ara wọn.

"Ṣé lóòótọ́ ni, Màmá," ni Àwẹ̀ró bi í, "pé kò sí ìkankan nínú wọn tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara kọ́ níwèé rí?"

"Kò sí. Ẹ̀rọ ló kọ́ wọn, ẹ̀rọ ló kọ́ àwọn tó bí wọn. Àwọn ìjọba wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ènìyàn padà sí kíláàsì ni, nítorí àwọn ọmọ ń dàgbà láìmọ bí wọ́n ṣe ń wo ojú ẹnìkejì. Wọ́n wá wá tíṣà títí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti kú tán."

"Ni wọ́n fi ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

"Ni wọ́n fi ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ò pọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, wọn á lè dúró níwájú ogún ọmọ láìsá jáde."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Ó bá a gbé apẹ̀rẹ̀ náà lé orí, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí Morádéùn ti jẹ́ olórí Ilé Àlejò ní Òkè-Ìlapa. Òun ló ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ń ti òkè òkun wá, òun ló ń wá ibùsùn àti oúnjẹ fún wọn, òun ló sì ń yan ará ìlú kan ti olúkúlùkù wọn gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì, ẹni tí wọn yóò jọ máa wọ kíláàsì. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó máa ń rìn kíákíá lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bí ó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn àwọ̀n gíga tí ìlú fi ń mú omi nínú ìkùukùu kọjá, ṣe ló ń wọ́ ẹsẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni. Ọkọ̀ àwọn àlejò yóò gbéra lọ́jọ́ Ẹtì, yóò sì balẹ̀ sórí àpáta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ó gbé àwọn ìkòkò náà sílẹ̀ ní Ilé Ẹnubodè. Níbẹ̀ ni dígí ńlá wà, ẹ̀rọ ògbufọ̀ kan ṣoṣo tí òfin gbà kí ó máa sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìlú. Wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára òkúta tó wà lókè rẹ̀: ETÍ LÁSÁN LA FI Ń WỌ ÌLÚ YÌÍ.

"Ẹ káàbọ̀, olórí Ilé Àlejò," ni dígí náà wí. Ohùn arúgbó ọkùnrin ni wọ́n fún un láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó sì máa ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Ìwé kan ṣì ń dúró de ìdáhùn yín."

"Mo mọ̀."

"Kí oòrùn tó wọ̀ lónìí ni. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, àtàǹpàkò yín nìkan tó. Bí ẹ bá gbà á, mẹ́ta la óò nílò: tiyín, ti olùkọ́ tó ni kíláàsì, àti ti òbí kan tí ọmọ rẹ̀ wà nínú kíláàsì náà."

"Bí mo bá kọ̀ ọ́, ta ló máa gbọ́ ìdí rẹ̀?"

"Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni gbọ́."

Morádéùn jókòó sórí àpótí. Ó ní kí dígí náà tún ìwé náà kà. Ohun tí ó kà nìyí:

"Orúkọ mi ni Aino. Fínlándì ni mo ti wá, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Adití ni wọ́n bí mi. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjì, wọ́n fi ògbufọ̀ sínú egungun orí mi, lẹ́yìn etí. Òun ni mo fi ń gbọ́ràn, òun náà ló ń túmọ̀ èdè fún mi. Kò ṣeé yọ. Mo lè fi òrùka tó wà ní ìka mi pa á, ṣùgbọ́n n kò tíì pa á ju wákàtí kan lọ rí láyé mi. N kò mọ èdè ọwọ́ kankan. Wọ́n ní kò sí adití mọ́ ní ìlú wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wà tí egungun orí wọn kò gba ẹ̀rọ, mo sì ti rí wọn. Wọ́n ń jókòó sí ẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ pé olùkọ́ kan wà lọ́dọ̀ yín tó jẹ́ adití. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ka òfin yín. Mo ń sọ ohun tó wà nínú orí mi fún yín kí n tó wá, kí ẹ má baà rò pé mo fi pamọ́."

"Ṣé kí n tún un kà?" ni dígí bi í.

"Rárá. Ó tó."

Ohun tó ń bà á lọ́kàn jẹ́ kì í ṣe òfin nìkan. Ó mọ ibi tí òfin náà ti wá.

Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Tomas dé sí ilé rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni, onítìjú, kò lè jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Nígbà náà, òfin kò tíì le, olórí Ilé Àlejò ló máa ń gba ògbufọ̀ lọ́wọ́ àlejò. Tomas bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun fi tòun sétí fún ọjọ́ kan péré, kí òun lè gbọ́ bí ìyá òun ṣe ń kí òun. Morádéùn gbà. Ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kan di méjìlá. Morádéùn rí i létí ọmọ náà lójoojúmọ́, kò sì sọ nǹkan kan, nítorí ọmọ náà ti ń jẹun, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n fi Tomas sí. Nínú kíláàsì náà, Ìràntíọlá, ọmọ Àwẹ̀ró, jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ọmọ náà mọ ìtàn sọ débi pé àwọn àgbàlagbà a máa dúró lójú fèrèsé gbọ́ ọ. Ní ọdún méjì lẹ́yìn tí Tomas lọ, ará ìlú kan ti òkè òkun bọ̀ wálé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìkẹ́kọ̀ọ́ ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní Ilé Ẹnubodè kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì yíjú padà. Ohùn Ìràntíọlá ni. Ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ti ra gbogbo ohun tí ògbufọ̀ Tomas gbọ́, wọ́n sì fi ohùn ọmọ náà ṣe ẹ̀rọ tí ń sọ ìtàn fún ọmọ kárí ayé. Tomas kọ ìwé pé òun kò mọ̀ pé wọ́n ń tà á. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Nígbà tí ìlú béèrè bí ògbufọ̀ náà ṣe wọlé, Morádéùn ní ó ní láti jẹ́ pé ọmọkùnrin náà fi í pamọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ṣe Òfin Etí Lásán. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni Àwẹ̀ró fi bẹ̀rẹ̀ sí í po irin mọ́ amọ̀.

Ó kúrò lẹ́nubodè, ó lọ sí Ilé Àlejò. Ìràntíọlá ti wà níbẹ̀, ó ń so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ òkè ibùsùn kẹfà. Ó ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó sì ti di olùkọ́ fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, kò sọ ìtàn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, jẹ́jẹ́ ló sì máa ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun rìn jìnnà. Lọ́dún yìí, òun ni Morádéùn yàn gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì àlejò kẹfà.

"Ẹ kú ìrìn, Màmá," ni ó wí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. "Mo ti pọn omi sínú gbogbo àmù. Mo gbé ibùsùn Ingrid kúrò lójú fèrèsé, wọ́n ní ara rẹ̀ kì í gba atẹ́gùn òwúrọ̀. Ẹni tèmi ńkọ́? Wọ́n ti sọ orúkọ rẹ̀?"

Morádéùn mú etí nẹ́ẹ̀tì náà, ó bá a fà á. Àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló kù, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ó lè sọ fún ọmọ yìí pé àlejò kẹfà kò lè wá mọ́, ọmọ yìí á ní ó mà ṣe o, á sì tú nẹ́ẹ̀tì náà.

"Aino ló ń jẹ́," ni ó wí. "Jókòó, Ìràntí. Mo ní ọ̀rọ̀ kan bá ọ sọ."

Ó sọ ti ìwé náà fún un. Nígbà tí ó parí, Ìràntíọlá ń wo ilẹ̀.

"Ó ń gbọ́, ó sì ń rántí," ni ọmọbìnrin náà wí. "Bíi ti Tomas."

"Bíi ti Tomas."

"Ẹ kọ̀ ọ́, Màmá. Kí ló dé tí ẹ fi ń sọ ọ́ fún mi? Ẹ kọ̀ ọ́ ni."

"Nítorí Tomas kò fi í pamọ́ ni." Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu Morádéùn wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ohun tí ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ tipẹ́. "Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo fún un. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i létí rẹ̀. Nígbà tí ìlú béèrè, ẹ̀rù bà mí, mo ti ẹ̀bi sí i lọ́rùn."

Ìràntíọlá ń ká okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ìka, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré," ni ó wí níkẹyìn, "ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ohùn náà. Mo fẹ́ràn Tomas. Òun ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń fi bébà ṣe ẹyẹ. Mo máa ń rò pé gbogbo ìgbà tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ṣe ló ń tàn mí." Ó gbé ojú sókè. "Ọdún mẹ́sàn-án, Màmá."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ìyá mi mọ̀?"

"Kò tíì mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ń lọ báyìí."

"Mo ń bá yín lọ. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ nígbà tó bá dá wà."

Àwẹ̀ró ń tẹ amọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Kò dá iṣẹ́ dúró bí Morádéùn ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó gbọ́ orúkọ Tomas, ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí amọ̀ náà, ó sì gbọ́ ìyókù lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ó bu omi, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá.

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún," ni ó wí. "Tiyín ò tiẹ̀ tó ogún."

"Mo wá tọrọ àforíjì. Mo sì wá sọ fún ọ pé ọmọbìnrin kan ń dúró de ìdáhùn. Kíláàsì Alàgbà Ọdúntàn ló fẹ́ wọ̀. Ọmọ rẹ kékeré wà níbẹ̀. Bí a bá máa gbà á, àtàǹpàkò òbí kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

"Òbí méjìlélógún ló ní ọmọ ní kíláàsì yẹn. Ìyá Fadérera á tẹ̀ ẹ́ fún yín láìbéèrè nǹkan kan."

"Á tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní bi í. Bí ìwọ bá ní kí ó má wá, kò ní wá."

Àwẹ̀ró nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ìràntíọlá ṣe bíi pé kó tẹ̀lé e, ó dúró, ó yíjú sí Morádéùn.

"Ẹ jẹ́ ká lọ rí Alàgbà," ni ó wí. "Ó yẹ kóun náà gbọ́."

Alàgbà Ọdúntàn ń fi bébà oníyanrìn dán ẹsẹ̀ àga nínú ọgbà ilé-ìwé. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, adití ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Kò sí ọmọ tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò mọ èdè ọwọ́, nítorí náà ìdajì ìlú ló lè bá a sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì kúnlẹ̀ kí i. Morádéùn fi ọwọ́ sọ ohun gbogbo fún un, ti Aino àti ti Tomas. Ó ní láti tún àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ.

Alàgbà wò ó títí ó fi parí. Kò sọ nǹkan kan nípa Tomas. Ó gbé bébà náà sílẹ̀, ó gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lọ́wọ́.

"Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn," ni ó fi ọwọ́ wí. "Láti ìgbà náà ni mo ti ń retí kí adití kan wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá wá, kí ó pa ẹ̀rọ náà láti ẹnubodè. N kò lè kọ́ ẹni tó ń gbọ́ràn ní bí a ṣe ń jẹ́ adití níwájú ọmọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó lè ṣe é."

Ó bá wọn lọ sí ẹnubodè, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ dígí, Morádéùn náà tẹ tirẹ̀. Oòrùn ti ń lọ sí ẹ̀yìn àpáta. Morádéùn ní kí dígí pe Aino, àwòrán ọmọbìnrin náà sì yọ. Irun rẹ̀ kúrú, ojú rẹ̀ funfun, ó sì jókòó ṣánṣán bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Ó wà nínú yàrá kan tí àpótí ẹrù ti wà nílẹ̀, ó ṣí sílẹ̀, ìdajì ẹrù ló wà nínú rẹ̀.

Ìràntíọlá ló bi í ní ìbéèrè Alàgbà. Dígí túmọ̀ rẹ̀, Aino sì gbọ́. Ó wo àpótí ẹrù rẹ̀.

"Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjìlá náà?" ni ohùn arúgbó inú dígí wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ má bínú. N kò mọ bí ó ṣe máa rí. Ṣé ẹnìkan á wà pẹ̀lú mi?"

"Èmi ni. Èmi ni ẹnìkejì rẹ."

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

Ìràntíọlá kò tíì dáhùn nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Àwẹ̀ró ni. Ó ti pààrọ̀ aṣọ, ó wé gèlè, bí ẹni tó ń lọ jẹ́rìí níwájú àwọn àgbà. Ó kí Alàgbà, kò kí Morádéùn. Ó dúró síwájú dígí.

"Èmi ni ìyá rẹ̀," ni ó wí fún ọmọbìnrin náà. "Ẹ̀rọ bíi tìrẹ ló mú ohùn ọmọ mi lọ. Ṣé o mọ̀?"

Aino mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Mo ka èyí tó wà nínú ìwé òfin. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni." Ó wo Ìràntíọlá. "Mo lérò pé mo ti gbọ́ ohùn náà. Ó wà nínú ẹ̀rọ àbúrò mi. Mo bá yín kẹ́dùn."

"Òrùka tó ń pa á yẹn, ọwọ́ ta ni yóò wà?"

"Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá sọ."

"Ọmọ mi ni. Kì í ṣe olórí Ilé Àlejò, kì í ṣe ẹlòmíì. Ọjọ́ tí ara rẹ kò bá gbà á mọ́, wàá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ àti ẹrù rẹ á sì jáde. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n kò ní tàn nínú ìlú yìí."

"Mo gbà, Màmá," ni Aino wí. Wọn kò mọ̀ bóyá òun ló sọ 'Màmá' náà tàbí dígí ló fi kún un.

Àwẹ̀ró tẹ àtàǹpàkò rẹ̀. Dígí ní ìdáhùn ti lọ. Nígbà náà ni Àwẹ̀ró tó wo ojú Morádéùn.

"N kò tíì dárí jì yín," ni ó wí. "Ti ọmọbìnrin yìí ni mo ṣe."

"Mo gbọ́."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Morádéùn lọ bá olórí ilé-ìwé, ó sọ fún un pé kí wọ́n wá ẹlòmíì tí yóò máa gba àlejò, pé òun yóò gba ti ọdún yìí, òun yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n bá òun kọ̀wé sí Tomas. Olórí ilé-ìwé bi í ohun tí wọn yóò kọ. Ó ní òun fúnra òun ni yóò kọ ọ́.

Ọkọ̀ náà balẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, láìpariwo, abẹ́ rẹ̀ funfun bí ikùn lékeléke. Àwọn àlejò márùn-ún yọ ògbufọ̀ wọn lẹ́nubodè. Mateus ń sọkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń sọ yí i ká ti di ariwo lásán létí rẹ̀. Àwẹ̀ró ló ń bá wọn dé ọmọrí. Ó bá Morádéùn pàdé lójú ọ̀nà, ó ní ẹ kú iṣẹ́, ó sì kọjá.

Aino ló gbẹ̀yìn. Ó dúró síwájú Ìràntíọlá, ó yí òrùka ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yọ ọ́, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọbìnrin náà. Gbogbo wọn rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó wo ọkọ̀, ó wo ẹnu àwọn ènìyàn, ó di ògiri mú. Ìràntíọlá mú ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ gòkè lọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń mú arúgbó rìn.

Alàgbà Ọdúntàn ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Ìràntíọlá kúnlẹ̀. Aino wò ó, ó wo Alàgbà, òun náà sì kúnlẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Alàgbà na ọwọ́ sí i, ó gbé e dìde, ó sì fún un ní ọ̀rọ̀ ọwọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ náà: *wò*, *dúró*, *tún ṣe*. Lọ́jọ́ Àìkú ó fún un ní ogún mìíràn. Aino kò sùn dáadáa, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìràntíọlá pẹ̀lú àwòrán tí ó yà sórí síléètì: ibùsùn kan àti ojú méjì tó là sílẹ̀. Ìràntíọlá ya ojú méjì mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Morádéùn dúró lójú fèrèsé kíláàsì Alàgbà. Àwọn ọmọ méjìlélógún wà níbẹ̀. Aino ti kọ̀wé sójú bọ́ọ̀dù, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń ya igi kan àti ẹyẹ mẹ́rin. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo nǹkan ń dàrú. Àwọn ọmọ méjì ń jà lórí ṣọ́ọ̀kì, ọ̀kan ti gun orí bẹ́ǹṣì, àwọn tó wà lẹ́yìn ń sọ̀rọ̀ sókè bí ará ọjà. Aino ń ya ẹyẹ rẹ̀ lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò mọ nǹkan kan. Ìràntíọlá jókòó ní igun, ó di ọwọ́ lé itan. Alàgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ojú sọ fún un pé kó má dìde.

Ọmọ Àwẹ̀ró kékeré, Mopélọ́lá, ló rí i pé ẹni náà kò gbọ́ àwọn. Ó wo Alàgbà, ó wo Aino. Lẹ́yìn náà ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kíláàsì, ilẹ̀ onípákó, lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti pe Alàgbà. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ṣe é. Àwọn tó ń jà dáwọ́ dúró, wọ́n ṣe é. Láìpẹ́ gbogbo kíláàsì ń tẹ ilẹ̀ pọ̀, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣọ́ọ̀kì dúró lójú bọ́ọ̀dù. Aino wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Pákó ti gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, ó sì dúró kí ó tún gbọ̀n, láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó tún gbọ̀n.

Ó yíjú padà. Àwọn ọmọ méjìlélógún ń wò ó, gbogbo wọn gbé ọwọ́ sókè sí àyà, wọ́n ti múra àti sọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Ó fẹ́ fi kí wọn ẹ káàárọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ rẹ̀ sọ ni ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹun. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó rí ẹ̀rín náà ní ojú wọn, ní èjìká wọn, ní bí wọ́n ṣe ń ṣubú lu ara wọn, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ó gbọn ọwọ́, ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n dá a lóhùn.